Ọ́pámpù Orí Kọ̀ǹpútà àti Etí Ìyá Mi

Ìyá mi kò gbà pé etí òun ti ń wúwo. Ohun tó máa ń sọ ni pé, "Mi ò dití. Ẹ̀yin ni ẹ kì í la ẹnu sọ̀rọ̀." Mo mọ ohun tó fà á. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi tẹ̀wé ní ọ́fíìsì ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi kan ní Àpápá. Ọ̀gá rẹ̀ á máa sọ̀rọ̀ láti inú yàrá kejì, òun á máa tẹ̀ ẹ́ lọ, kò sì ní béèrè ọ̀rọ̀ kan lẹ́ẹ̀mejì. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kì í gbà bọ̀rọ̀ pé etí òun ti yẹ̀.

Ṣùgbọ́n àwa tí a jọ ń gbé ní Ajégúnlẹ̀ mọ̀. Mo lè bi í pé, "Mọ́mì, ṣé ẹ ti jẹun?" kó dá mi lóhùn pé, "Aago mẹ́rin ti kọjá díẹ̀." Bí aládùúgbò bá kí i láti ẹ̀yìn, kò ní dáhùn, aládùúgbò á sì máa rò pé ìgbéraga ló dé.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì ló ti wá burú jù. Ní ọjọ́ Ìsinmi kan, pásítọ̀ ń sọ ìtàn ọkùnrin kan tí iná sọ sí ilé rẹ̀. Ó ní, "Ilé náà jó tán pátápátá," ó wá dákẹ́ díẹ̀ kí ọ̀rọ̀ náà lè wọ̀ wá lára. Ìyá mi rò pé àdúrà ló parí. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó sì fi gbogbo agbára rẹ̀ ké "Àmín!" Àwọn ọmọdé bú sẹ́rìn-ín. Àwọn àgbà náà rẹ́rìn-ín, wọ́n kàn fi ọwọ́ bo ẹnu ni. Ìyá mi wo ọ̀tún, ó wo òsì, eyín ló ń rí. Láti ọjọ́ náà, bí ọjọ́ Ìsinmi bá ti mọ́ báyìí, orúnkún á bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún.

"Ẹ máa lọ ní tiyín. Ọlọ́run wà nínú yàrá yìí náà."

A ti ra ẹ̀rọ àfisétí fún un ṣáájú ìgbà yẹn. Kò lò ó pẹ́. Ó ní jẹnẹrétọ̀ ilé kejì, fáànù òkè àjà àti ìró bàtà òun fúnra òun ni gbogbo ohun tó ń gbé wá bá òun, pé ọ̀rọ̀ ènìyàn ni kì í gbé. Mo yẹ̀ ẹ́ wò, mo sì rí i pé kò parọ́. Ẹ̀rọ náà ń mú gbogbo ohùn tóbi lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun tí ìyá mi nílò ni kí ẹnu pásítọ̀ nìkan súnmọ́ etí rẹ̀, kí ariwo yòókù jókòó síbi tó wà.

Iṣẹ́ mi sì nìyẹn. Ẹnjiníà ẹ̀rọ iná kéékèèké ni mí. Ní ibi iṣẹ́ kan ní Malu Road, èmi àti ọ̀gá mi la máa ń tún bọ́ọ̀dù inú àwọn ẹ̀rọ tó ń gbé ẹrù àti èyí tó ń wọn ẹrù ní èbúté ṣe. Àlàájì ni mo máa ń pè é. Àgbàlagbà ni, ìwé rẹ̀ pọ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì mọ iṣẹ́. Ó ní sùúrù fún ohun gbogbo lábẹ́ ọ̀run, àfi ètò àfarawé tí mo máa ń lò lórí kọ̀ǹpútà. Nínú ètò yẹn, mo lè ya sákíìtì, ìyẹn ọ̀nà tí iná ń gbà láti ẹ̀yà dé ẹ̀yà, kí n tan iná sí i, kí n sì wo bí iná ṣe ń rìn nínú rẹ̀ nígbà tí mi ò tíì fọwọ́ kan wáyà kankan. Ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan tó wà nínú sákíìtì ló ní àwòṣe tirẹ̀ níbẹ̀, ìyẹn ìṣirò tó ń hùwà bí ẹ̀yà náà ṣe ń hùwà. Bí Àlàájì bá kọjá lẹ́yìn mi tó rí i, á mi orí.

"Ẹnjiníà, ìrẹsì ojú fóònù kì í yó ènìyàn."

"Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí n sè é síbí ná kí n tó ra gáàsì."

Bí a ṣe máa ń ṣe é nìyẹn. Ká rẹ́rìn-ín, kí kálukú padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀.

Mo pinnu pé màá fa wáyà láti ìdí míksà, ẹ̀rọ tó ń da ohùn pọ̀, tó wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì, gba abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì lọ sí ìjókòó ìyá mi níwájú, kí íápíìsì kékeré kan tó máa kì bọ etí wà ní ìparí rẹ̀. Àpótí kékeré kan á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ míksà, òun ni yóò máa ti ohùn lọ. Ọ́pámpù ni ọkàn irú àpótí bẹ́ẹ̀. Ègé dúdú ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ ni, kò ju èékánná lọ. Á gba ohùn tín-ín-rín wọlé, á sì tì í jáde ní ohùn ńlá. Mo yan bátìrì kékeré onígun mẹ́rin fún un, kí ariwo jẹnẹrétọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì má baà bá iná wọlé.

Mo ya gbogbo rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà. Ọ́pámpù tó wà nínú ètò náà látilẹ̀ ni mo mú, torí òun ló yá. Ọ́pámpù aláìlábùkù ni. Kì í rẹ̀ ẹ́, kì í pẹ́ dé, iye tí a bá ní kó gbé ló ń gbé. Ìgbì ohùn tó yọ lójú kọ̀ǹpútà mọ́ tónítóní bí aṣọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀. Mo fi òjé gbígbóná jó ẹ̀yà gbogbo mọ́ bọ́ọ̀dù, mo dì í sínú àpótí, mo wá lọ bá ìyá mi.

Ó yí íápíìsì náà wò lọ́wọ́. "Ṣé gbogbo ayé á máa wo etí mi?"

"Wọn ò ní rí i, mà. Gèlè yín á bò ó."

Gèlè ló mú un gbà. Ní ọjọ́ Ìsinmi, ó wé é dáadáa, orúnkún kò dùn ún, a sì lọ. Mo jókòó tì í. Pásítọ̀ gun orí pẹpẹ, ó la ẹnu, ìyá mi sì yí ojú pọ̀. Mo fi ọwọ́ bi í pé kí ló dé. Ẹni tí kò gbọ́ràn dáadáa kì í mọ bí ohùn òun ṣe ga tó. Ó dá mi lóhùn débi pé gbogbo ìjọ bá mi gbọ́:

"Ó DÀ BÍ ẸNI TÓ Ń YA AṢỌ!"

Pásítọ̀ na ọrùn wò wá. Orí gbogbo yí sọ́dọ̀ wa. Nígbà tí ẹgbẹ́ akọrin wá gbé orin ńlá, ó tún burú sí i, ìyá mi yọ íápíìsì náà, ó kó o sínú báàgì rẹ̀, ó pa báàgì dé. Kí ìwàásù tó parí, bátìrì ti kú, bẹ́ẹ̀ tuntun ni mo fi síbẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà.

Mo rò pé ó máa bínú nígbà tí a délé. Ó tú gèlè, ó jókòó, ó wò mí.

"Ìwọ lo ṣe é?"

"Èmi ni, mà."

"Nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́, bí mo bá tẹ ìwé tí àṣìṣe wọ̀ ọ́, mi kì í sunkún lé e lórí. Màá fà á ya, màá fi bébà tuntun sí i." Ó yọ íápíìsì náà nínú báàgì, ó nà án sí mi. "Tún un ṣe."

Ọ̀rọ̀ yẹn kò jẹ́ kí n rẹ̀wẹ̀sì. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, mo gbé àpótí náà àti wáyà rẹ̀ dé Malu Road, mo sì so ó mọ́ síkóòpù, ẹ̀rọ tó ń ya ìrìn iná sójú gíláàsì. Àlàájì wá dúró tì mí. Ìlà tó yẹ kó tín-ín-rín bí òwú ti sanra bí okùn, irun ti bò ó lára. Mo fọwọ́ kan ọ́pámpù náà, ó gbóná débi pé mo yára fa ọwọ́ padà.

"Ó ń pariwo," Àlàájì ló sọ bẹ́ẹ̀.

Òótọ́ ni. Ọ́pámpù náà ń ké láìsinmi, igbe tó ga kọjá ohun tí etí ọmọ ènìyàn lè gbọ́. Igbe yẹn ló ń fa ohùn pásítọ̀ ya, òun náà ló sì mu bátìrì gbẹ. Ó yà mí lẹ́nu pé nínú gbogbo ìjọ tó fi ìyá mi ṣẹ̀fẹ̀, kò sí ẹnì kan tí etí rẹ̀ lè gbọ́ igbe náà.

"Ṣé o ti rí kọ̀ǹpútà rẹ báyìí?" Àlàájì ń rẹ́rìn-ín músẹ́. "Pa á tì. Mú ẹ̀yà oríṣiríṣi, máa yọ wọ́n, máa fi wọ́n, títí tó fi máa dákẹ́."

"Ọ̀gá, kọ̀ǹpútà ò purọ́. Ọ́pámpù tí mo fún un ni kì í ṣe irú èyí tó wà lọ́wọ́ wa. Mo ní kó ṣírò fún áńgẹ́lì, mo wá lọ ra ènìyàn lọ́jà."

Ó rẹ́rìn-ín gan-an. "Ó dáa, lọ wá ènìyàn sínú kọ̀ǹpútà. Màá wò ó."

Àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ọ́pámpù máa ń kọ àwòṣe ohun tí wọ́n ṣe, ẹnikẹ́ni sì lè gbà á lórí ẹ̀rọ ayélujára. Mo wá ti èyí tí mo rà kàn, mo yọ aláìlábùkù kúrò nínú sákíìtì, mo fi òun rọ́pò rẹ̀. Mo so ó mọ́ agbára bátìrì gan-an, mo sì fún un ní ohùn tó lágbára bí ti ẹgbẹ́ akọrin. Lójú ẹsẹ̀ ni orí gbogbo ìgbì ohùn náà gé, ó tẹ́ pẹrẹsẹ bí orí tábìlì. Ọ́pámpù gidi kò lè ti ohùn kọjá ibi tí agbára bátìrì dé. Ti àkọ́kọ́ ti ń gbé e kọjá láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ìyẹn ni orin akọrin ṣe fọ́ sí etí ìyá mi. Mo dín bó ṣe ń mú ohùn tóbi kù, orí ìgbì sì padà yípo.

Ṣùgbọ́n igbe yẹn kò sí níbẹ̀. Ojú kọ̀ǹpútà dákẹ́ rọ́rọ́, bẹ́ẹ̀ lórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, síkóòpù ń ya okùn onírun. Mo yí èyí, mo yí tọ̀hún, pàbó ni. Àlàájì lọ kírun ọ̀sán, ó dé, ó bá mi níbi tó fi mí sí.

"Ènìyàn rẹ ò ké?"

"Kò tíì ké, sà."

Mo wo sákíìtì tí mo yà láti òkè dé ilẹ̀. Ọ́pámpù rèé, bátìrì rèé, íápíìsì rèé. Láàárín ọ́pámpù àti íápíìsì, ìlà kan ṣoṣo ni mo fà. Kọ̀ǹpútà sì gbà pé ìlà lásán ni, pé kò gùn, kò sì wúwo. Wáyà tí mo tẹ́ sábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì ṣọ́ọ̀ṣì ńkọ́? Láti ẹnu ọ̀nà dé iwájú ni. Wáyà tí a fi àwọ̀n irin wé nínú máa ń gba iná mọ́ra bí ìkòkò ṣe ń gba omi, bó bá sì ṣe gùn tó ni ìkòkò náà ṣe ń tóbi tó. Ọ́pámpù gbọ́dọ̀ máa rọ ọ́ kún, kó tún máa gbọ́n ọn jáde, láìdúró. Mo mú mítà, mo wọn bí wáyà náà ṣe ń gba iná tó, mo fi iye náà sínú sákíìtì orí kọ̀ǹpútà, mo sì tẹ bọ́tìnnì.

Igbe náà yọ.

Okùn onírun kan náà, tó sanra bákan náà, ló kún ojú kọ̀ǹpútà. Mo fò sókè, mo pàtẹ́wọ́, mo ké débi pé ẹni tó ń ta táyà ní iwájú ọ̀nà yọjú wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Mi ò rò pé inú ẹlòmíràn ti dùn tó bẹ́ẹ̀ rí torí pé iṣẹ́ rẹ̀ bàjẹ́. Mo fi ọ́pámpù aláìlábùkù padà síbẹ̀ pẹ̀lú wáyà gígùn náà, mo fẹ́ mọ ìdí rẹ̀ dájú. Ariwo kò sí. Mo fi ti gidi padà, ariwo dé. Ó di dandan kí àwòṣe tòótọ́ àti wáyà tòótọ́ pàdé kí òótọ́ tó jáde.

Bí àìsàn bá ti jẹ́ orúkọ rẹ̀, oògùn kò ní jìnnà. Rẹsísítọ̀ kékeré kan, ẹ̀yà tó ń dín ìrìn iná kù, ni mo nílò, tí yóò dúró láàárín ẹnu ọ́pámpù àti wáyà, kí wáyà má baà máa fa ọ́pámpù ní tààrà. Mo dán an wò lórí kọ̀ǹpútà. Èyí tó kéré jù kò dá igbe dúró, ó kàn sọ ọ́ di gbígbọ̀n. Èyí tó tóbi jù pa igbe, àmọ́ ó pa ohùn pásítọ̀ mọ́ ọn. Mo rí èyí tó wà láàárín. Pẹ̀lú òun, bí ohùn bá wọlé lójijì, ìlà á fò sókè díẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, á sì dákẹ́.

Mo pe Àlàájì. "Ọ̀gá, mi ò tíì jó o mọ́ bọ́ọ̀dù o. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ẹ máa rí ṣáájú. Ìlà á fò díẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, lẹ́yìn náà á tẹ́jú. Ọ́pámpù ò sì ní gbóná mọ́."

"O dájú?"

"Ó dá mi lójú, sà."

Mo jó rẹsísítọ̀ náà mọ́ ọn. Mo tan án. Ìlà fò díẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó tẹ́jú. Ó tín-ín-rín bí òwú. Àlàájì bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó fi í padà sójú. Ó wo síkóòpù, ó wo kọ̀ǹpútà, ó tún wo síkóòpù. Àwòrán méjèèjì jọ ara wọn bí ìbejì. Ó gbé ìka lé ọ́pámpù náà, ó sì fi síbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́.

"Ó tutù," ó wí. "Sùbùhánáláhì. O sọ ọ́ kó tó ṣẹlẹ̀."

Ó lọ sí ẹ̀yìn, ó sì gbé bọ́ọ̀dù kan jáde tí eruku ti bò, ti ẹ̀rọ tó ń wọn ẹrù ní Kirikiri, èyí tí àwa méjèèjì ò tíì rí tún ṣe láti ìgbà òjò. Ó gbé e ka iwájú mi. "Ẹnjiníà, jọ̀ọ́, fi èyí náà sínú kọ̀ǹpútà. Ṣùgbọ́n parí ti màmá ná." Ó ti ń kọ́ mi láti ìgbà tí mo ti dé ibẹ̀, mi ò sì rántí ọjọ́ kan tó fi "jọ̀ọ́" kún ọ̀rọ̀ iṣẹ́ rí. Òun náà ló fi fáníìṣì kun bọ́ọ̀dù ìyá mi kí n tó pa àpótí rẹ̀ dé. Ó ní àwòṣe kò mọ̀ pé atẹ́gùn iyọ̀ tó ń jẹ irin wà ní Àpápá, mo sì gbà fún un, torí òótọ́ ni.

Ọjọ́ Ìsinmi dé. Mo rò pé màá tún bẹ ìyá mi, kò gbà kí n bẹ̀ ẹ́. Ó ti múra kí n tó jí. A débẹ̀, mo so gbogbo rẹ̀ pọ̀, mo sì ki íápíìsì sí i létí lábẹ́ gèlè. A jókòó. Pásítọ̀ ṣí Bíbélì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka Sáàmù kan. Ìyá mi kò yí ojú pọ̀. Ó jókòó gbọnrangandan bí ẹni tí wọ́n pè lórúkọ ní ibi tí kò rò. Lẹ́yìn náà, ètè rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bá pásítọ̀ lọ, ọ̀rọ̀ sí ọ̀rọ̀, láìṣí Bíbélì lọ́wọ́ rẹ̀. Bó ṣe kan ibi tí pásítọ̀ fo ọ̀rọ̀ kan, ó fi ìgunpá gbún mi.

"Ó fo ọ̀kan," ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́! Bó ṣe ń bá pásítọ̀ kà á, máíkì pásítọ̀ ti gbé ohùn tirẹ̀ náà wá sí i létí, ó gbọ́ bó ṣe ga tó, ó sì rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Ojú mi kún fún omi, mo tẹrí ba bí ẹni tó ń gbàdúrà.

Obìnrin tó máa ń darí wa sí ìjókòó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn létí kejì. "Mama, e clear?"

"E clear well well," ìyá mi dá a lóhùn, ó sì na ọwọ́ pé kó kúrò lójú òun, òun ń gbọ́ ìwàásù.

Bí a ṣe ń rìn bọ̀ wálé, kò dákẹ́. Ó ní obìnrin kan wà nínú ẹgbẹ́ akọrin tí ohùn rẹ̀ ti yà kúrò lójú ọ̀nà, kò sì sí ẹni tó sọ fún un. Ó ní ìfilọ̀ ti pọ̀ jù. Ó béèrè ìgbà tí pásítọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun kan náà lẹ́ẹ̀mẹta. Nígbà tí a débi ilẹ̀kùn, ó dúró.

"Ṣé o lè fi ohun tí màá fi máa pa á sí i, kí n máa pa á nígbà ìfilọ̀?"

Mo fi síbẹ̀. Kò pẹ́ tí àwọn àgbà yòókù fi bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ohun tó wà lábẹ́ gèlè ìyá mi. Bàbá kan tó ti fìgbà kan jẹ́ mẹkáníìkì ọkọ̀ àjàgbé ló kọ́kọ́ wá, ìyá méjì tẹ̀ lé e. Mo kọ́kọ́ rò pé màá so gbogbo íápíìsì mọ́ ọ́pámpù kan ṣoṣo. Mo dán an wò lórí kọ̀ǹpútà pẹ̀lú àwòṣe tòótọ́, ohùn rọ lulẹ̀ kí n tó ná kọ́bọ̀. Mo wá fún olúkúlùkù ní ọ́pámpù tirẹ̀ nínú àpótí kan. Nígbà tí a tan án fún ìgbà àkọ́kọ́, kò sí ohun tí mo yọ, kò sí ohun tí mo fi kún un. Bí mo ṣe yà á náà ló ṣe ṣiṣẹ́. Ní ọjọ́ kejì rẹ̀ ni mo sọ fún Àlàájì, òun sì sọ fún gbogbo oníbàárà tó wọlé lọ́jọ́ náà, títí kan awakọ̀ tírélà kan tó kàn yà wá béèrè ọ̀nà.

Báyìí, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló máa ń jókòó pọ̀ níwájú. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, pásítọ̀ dá àpárá kan láàárín ìwàásù, gbogbo ìjọ bú sẹ́rìn-ín. Mo wo iwájú. Àwọn àgbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan náà pẹ̀lú wa, bàbá mẹkáníìkì tiẹ̀ ń gbá itan. Ìyá mi yíjú sẹ́yìn, ó wá mi kàn láàárín èrò.

"Àpárá yẹn ò dùn tó bẹ́ẹ̀," ó wí, "ṣùgbọ́n mo gbọ́ ọ."